ÌPÀKỌ́ ONÍPÀKỌ́ LÀ Ń RÍ: OHUN TÍ AÁWỌ̀ INÚ ỌJÀ LÈ KỌ́ WA

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé, tí a tẹ̀ jáde fún àwọn tí kò ráyè wá)

    

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìṣọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ aáwọ̀ ni: ìjà, èébú, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé, ká máa yan ara wa lódì. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ pé ẹnu àwa ará Ìlọrin dùn ju iyọ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń se ọbẹ̀, ẹ mọ̀ pé iyọ̀ kan náà tó ń mú ọbẹ̀ dùn, bó bá ti pọ̀ jù, òun náà ló ń lé èèyàn nídìí àwo. Ẹnu dídùn yẹn náà, bí inú bá ti bí wa tán, ẹ gbọ́ ohun tó máa ń ti ibẹ̀ jáde!

A kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bínú. Èèyàn ẹlẹ́ran-ara ni gbogbo wa. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé bí aáwọ̀ bá dé, kó má lọ lásán. Ọlọ́jà ni wá, a kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Tòmátò tó ti ń rọ̀ pàápàá, ẹni tó mọ òwò ṣe kì í dà á nù. Á là á, á sá a sóòrùn, á tún rí owó nídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aáwọ̀. Ó ní èrè nínú fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wá a.

ỌJÀ KÒ LÈ ṢE KÓ MÁ NÍ AÁWỌ̀

Ẹ wo ọjà wa ná. Ọjà Ọba ni o, Ìpàtà ni o, Gàmbàrí ni o, Ọjà Tuntun tàbí Mandate ni o, ojú kan náà ni ogún, ọgbọ̀n èèyàn ti ń ta ọjà kan náà. Alátà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alátà, eléèlùbọ́ kọjú sí eléèlùbọ́, aláṣọ fara ti aláṣọ. Oníbàárà kan ṣoṣo tó ń bọ̀ lókèèrè, ojú mẹ́wàá ló ti rí i. Bí ẹ̀yin ò bá pè é, ẹlòmíràn á pè é.

Ìlú tiwa yìí kì í sì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan. Láti ayé Àfọ̀njá àti Ṣéù Àlímì ni Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Núpé, Kànùrí àti Bàrùbá ti ń gbé pọ̀ ní Ìlọrin. Ẹ wo àwọn Balógun mẹ́rin tó wà lábẹ́ Ẹ́míà: Balógun Gàmbàrí, Balógun Àjìkobì, Balógun Alánàámú àti Balógun Fúlàní. Orúkọ wọn nìkan ti tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ilé ló pàdé di ìlú kan. Ọmọ gbogbo ilé wọ̀nyí ló wà nínú ọjà. Ohùn tí ẹnìkan fi ń ṣeré, ẹlòmíràn ń gbọ́ ọ bí èébú. Ẹni tí wọ́n tọ́ nínú ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sókè, ẹ̀gbẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ pé ọmọlúwàbí kì í pariwo ló máa jókòó sí. Ìjà ti ń rúgbó bọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohun burúkú kankan.

Àwọn ohun tó máa ń dá a sílẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó tẹ́ ọjà rẹ̀ kọjá ààlà ìṣọ̀. Ẹni tó pe oníbàárà kúrò níwájú ẹlòmíràn. Ẹni tí kóńgò rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ mu. Ẹni tó ra àwìn tí kò rántí ọjọ́ tó dá. Ẹni tó kó àdáṣì tán tí kò dá a mọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ níbí tó gbé e lọ sọ́hùn-ún. Ọmọ tó na ọmọ. Ahọ́n àti eyín ń bẹ nínú ẹnu kan, wọ́n sì ń jà. Mélòó mélòó àwa tí a jọ wà nínú oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

OHUN TÍ ÌJÀ Ń GBÀ LỌ́WỌ́ WA

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà. Nígbà tí ẹ bá lọ kírun Àìlà, ta ló ń bá yín wo ìṣọ̀? Nígbà tí oníbàárà bá mú owó ńlá wá tí kò sí ṣéńjì, ọwọ́ ta lẹ ti ń yá a? Ọjọ́ tí ara ọmọ kò dá tí ẹ gbé e digbádígbá lọ sí ọsibítù, ta ló bá yín palẹ̀ ọjà mọ́? Aládùúgbò ìṣọ̀ ni. Òun kan náà lẹ jọ ń dá owó ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá ń bọ̀ láti oko, kí owó má baà pọ̀ jù fún ẹnìkan. Òun lẹ jọ wà nínú àdáṣì. Òun náà ló máa ṣe onídùúró bí ẹ bá fẹ́ yá owó pọ̀ ní báńkì kékeré.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ẹni tó rọrùn fún wa jù láti bá jà, òun náà ni ògiri tí ìṣọ̀ wa fara tì. Bí ẹni méjì nínú àdáṣì ẹlẹ́ni méjìlá bá ń yan ara wọn lódì, àdáṣì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn mẹ́wàá yòókù á máa ṣe ojú síhìn-ín ṣe ojú sọ́hùn-ún, ẹ̀rù á máa bà wọ́n láti fi owó sílẹ̀.

Bí a bá wá gbé e dé kóòtù ńkọ́? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lò ní kóòtù, ọjọ́ ọjà ni, kò sì sẹ́ni tó máa san án padà fún yín. Àwọn amòfin fúnra wọn ti rí èyí. Ní Èkó, ìjọba dá ibi ìlàjà fún aráàlú sílẹ̀ ní 1999. Nígbà tó di 2002, wọ́n tún dá èyí tí wọ́n ń pè ní Lagos Multi-Door Courthouse sílẹ̀, níbi tí àwọn tó ń jà ti lè jókòó pẹ̀lú onílàjà dípò kí adájọ́ dá ọ̀kan láre kó dá ìkejì lẹ́bi. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe lórí ẹní láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìjọba wá fi ọ́fíìsì ṣe. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé àwa tí a ni í la ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

ẸNI TÓ Ń BÁ WA JÀ Ń RÍ ÌPÀKỌ́ WA

Ìdí pàtàkì tí a fi pe ìpàdé yìí rèé. Àwọn baba wa ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ọ̀rẹ́ wa rí ìpàkọ́ wa, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ. Ọmọ wa rí i, ẹ̀rù ló ń bà á. Oníbàárà rí i, ṣe ló kàn gba ìṣọ̀ mìíràn lọ, kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún wa títí ayé. Ẹni tó máa là á mọ́lẹ̀ fún wa láìfi epo bọ iyọ̀ ni ẹni tí inú rẹ̀ ń ru sí wa.

Òótọ́ ni pé á bù mọ́ ọn. Á fi èébú sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ra ẹ̀wà tí òkúta wà nínú rẹ̀, ṣé gbogbo ẹ̀wà la máa ń dà nù? A máa ń ṣà á ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wa jà: ká ṣa òkúta èébú kúrò, ká wo ẹ̀wà tó kù.

Ẹ jẹ́ ká fi alátà méjì ṣàpẹẹrẹ. Ẹ ká sọ pé ọ̀kan ti wà nídìí ìṣọ̀ rẹ̀ fún ogún ọdún, ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kọ́sítọ́mà àtijọ́ kan kọjá lára Ìyá àgbà, ó yà sọ́dọ̀ ẹni tuntun, ó ra apẹ̀rẹ̀ ata kan. Ìyá àgbà fò dìde: "Olè ni ọ́! O wá já oúnjẹ gbà lẹ́nu mi!" Ẹni tuntun náà kò dákẹ́: "Ẹ̀yin lẹ máa ń kanra mọ́ èèyàn, kí wọ́n má sá fún yín ńkọ́!" Kíá, èrò ti pé jọ. Kọ́sítọ́mà tí wọ́n ń jà lé lórí ti gbé ata rẹ̀, ó ti lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣa òkúta kúrò. Kí ló kù nínú ọ̀rọ̀ ẹni tuntun? Pé Ìyá àgbà máa ń kanra. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíràn tó tíì sọ ọ́ fún un rí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan níye lórí ju apẹ̀rẹ̀ ata mẹ́wàá lọ, nítorí òun ló ń lé oníbàárà láti ọjọ́ yìí. Kí ló sì kù nínú ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà? Pé kọ́sítọ́mà yẹn, iṣẹ́ ogún ọdún ni. Ó ti ta àwìn fún un nígbà tí kò lówó, ó ti bá a yọ̀ nígbà ìsọmọlórúkọ. Ẹni tuntun kò mọ̀ pé kọ́sítọ́mà kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹ̀kọ́ òwò tó wúlò gan-an nìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gbé ẹ̀bùn fún ara wọn. Bí wọ́n ṣe fi èébú wé e ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kí ló mú Ìyá àgbà fò dìde? Apẹ̀rẹ̀ ata kan kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù owó iléèwé, ẹ̀rù gbèsè, ẹ̀rù pé àwọn ọmọdé ti ń gba ọjà mọ́ òun lọ́wọ́. Ìbínú ló hàn síta, ẹ̀rù ló wà nínú ilé.

Àwa ọlọ́jà ló sì yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí a ti rí i lójú ara wa. Ní 2016, nígbà tí kòkòrò jẹ oko tòmátò ní Kàdúná àti agbègbè rẹ̀, tí owó apẹ̀rẹ̀ tòmátò fò sókè, ọ̀dọ̀ ta ni àwọn oníbàárà ti wá ń fajú ro? Ọ̀dọ̀ alátà ni. Ṣé alátà ló jẹ oko ni? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí gbogbo èèyàn kó owó àtijọ́ wá, tí owó tuntun kò sì tó, èèyàn mélòó ló bá aládùúgbò àti oníbàárà jà lórí tíránsífà tí kò wọlé? Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún yẹn pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún, owó ṣì padà sójú ọjà, ṣùgbọ́n àwọn kan tó bára wọn jà nígbà náà ò tíì kí ara wọn títí dòní. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, owó ọkọ̀ sì di ìlọ́po. Ìjà tún bẹ̀rẹ̀ láàárín wa àti àwọn awakọ̀, láàárín wa àti àwọn alábàárù.

Ibi tí ìbínú ti ń bọ̀ máa ń jìn. Ó dà bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já: ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń gbá. Ẹni tó bá mọ èyí, bí inú bá bí i, á kọ́kọ́ bèèrè pé: ṣé ẹni yìí gan-an ló ṣẹ̀ mí, àbí òun ló kàn wà nítòsí?

BÍ A ṢE LÈ MÁA ṢE É

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn létí ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe, a gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká gbé e ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ká jókòó ná. Bí ìbínú bá dé, àyà á máa lù kìkì, èémí á kúrú, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ara ló ń múra ìjà yẹn. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ etí kì í gbọ́ràn dáadáa, ẹnu sì máa ń yá ju ọpọlọ lọ. Ó ń gba àkókò kó tó lọlẹ̀, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ànábì kọ́ni pé ẹni tí inú bá bí lórí ìdúró kó jókòó, bí kò bá sì lọ, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó tún kọ́ni pé alágbára kì í ṣe ẹni tó ń dá èèyàn nínú ìjàkadì, bí kò ṣe ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Jésù náà mọ̀ ọ́n látinú ìwé Òwe pé ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń pa iná ìbínú. Nítorí náà, ẹ jókòó sórí àpótí yín. Ẹ mu omi tútù. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ máa ka ata tó wà níwájú yín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sẹ́ni tó ń kó o jọ.

Èkejì, ká ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn fi kún un. "Ó pe oníbàárà tó dúró níwájú mi," ohun tí ojú rí nìyẹn. "Ó fẹ́ kí n kó kúrò lọ́jà," ọkàn ló fi kún un. "Kò dáhùn nígbà tí mo kí i láàárọ̀," ojú ló rí i. "Ó ń gbéra ga nítorí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Yunifásítì," ẹ̀yin lẹ fi kún un. Bóyá kò gbọ́ ni. Bóyá ọ̀rọ̀ ilé ló gbà á lọ́kàn. Ìjà tí à ń jà lórí ohun tí ọkàn fi kún un pọ̀ ju èyí tí à ń jà lórí ohun tí ojú rí.

Ẹ̀kẹta, ká lọ bá a fúnra wa, ní ìdákọ́ńkọ́. Kó má jẹ́ níwájú oníbàárà, kó má jẹ́ lójú ọmọ rẹ̀, ká má sì rán ẹnikẹ́ni. Ìdájí kí èrò tó dé, tàbí ìrọ̀lẹ́ tí a bá ń palẹ̀ mọ́, ló dára jù. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà ju yín lọ, ẹ kúnlẹ̀ bí a ṣe kọ́ wa nílé, kí ẹ sì sọ ọ́ ṣàkó: "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ dákun, nǹkan kan wà lọ́kàn mi. Oníbàárà tó dúró níwájú mi lánàá tí ẹ pè, ó dùn mí, nítorí mi ò tíì rí nǹkan tà láti àárọ̀. Mo ní kí n wá bá yín sọ ọ́." Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí irọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dàgbà, ẹ má fi ọjọ́ orí di ọmọ lẹ́nu. Ẹ ní: "Ìyàwó, jókòó. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kì í ṣe ìjà." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá gbé ọmọ lulẹ̀ lójú ọjà, ta ni yóò bá a gbé orí ọmọ ró?

Ẹ̀kẹrin, ká gbọ́ tirẹ̀ délẹ̀. Ká má jẹ́ pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ la ti ń to èsì sílẹ̀. Nígbà tó bá sọ tán, ká tún un sọ fún un: "Ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ rò pé oníbàárà náà ń kọjá lọ ni, ẹ ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà?" Ẹ wò ó bí ojú rẹ̀ ṣe máa rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ ká gbà fún wọn. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé a gbọ́ wọn ni.

Ẹ̀karùn-ún, ká ṣe àdéhùn tó ṣe é dì mú. "A ó máa fẹ́ràn ara wa" kì í ṣe àdéhùn. "Oníbàárà tó bá ti dúró níwájú ìṣọ̀ ẹnìkan, ẹnikẹ́ni kò ní pè é àfi bó bá kúrò níbẹ̀" jẹ́ àdéhùn. "A ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ láàárín ìṣọ̀ méjèèjì" jẹ́ àdéhùn. Bí ẹ bá sì jẹ̀bi, ẹ bẹ̀bẹ̀ kó hàn gbangba. "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú" kò tó. "Mo pe oníbàárà yín, kò dára, mi ò ní ṣe é mọ́," ẹ̀bẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ká bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀? Kí ni ẹni yẹn sọ nípa mi tó lè jẹ́ òótọ́? Kí ló yẹ kí n ti sọ tipẹ́ tí mi ò sọ, tó fi wá di ariwo? Ẹni tó bá ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí lẹ́yìn gbogbo aáwọ̀, bó bá fi ọdún kan ṣe é, ìwà rẹ̀ kò ní dà bíi ti àná mọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó eérú kúrò tó tún ilé kọ́ ni ẹwà ń bù kún.

Ká má sì jẹ́ kó pẹ́ o. Ànábì kò fẹ́ kí mùsùlùmí méjì yan ara wọn lódì kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Pọ́ọ̀lù sì kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé kí wọ́n má gbé ìbínú sùn. Bí à ń jà, bí ì ká kú kọ́.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ WÀ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ŃKỌ́?

Ìjà ẹni méjì kì í pẹ́ bí kò bá sí òǹwòran. Ẹni tó ń sọ pé "Má gbà fún un!" kò ní bá yín san owó ọjà tó ṣòfò. Èyí tó tún burú ni tàwọn tó ń yọ fóònù láti ya ìjà, tí wọ́n á fi sórí WhatsApp. Ìjà tí ì bá parí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti di ohun tí ọmọ-ọmọ lè rí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá yọ fóònù, ẹ fi pe àgbà ni.

Ẹ̀yin àgbà tí à ń pè láti parí ìjà náà, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ tọ̀tún, ẹ gbọ́ tòsì. Ẹ má wo ẹ̀yà, ẹ má wo ẹni tó lówó, ẹ má wo ẹni tí ẹ jọ ń lọ sí mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

SÙÚRÙ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÙ

A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ wa gba ọ̀nà òdì. A ò sọ pé kí wọ́n máa yan yín jẹ kí ẹ máa pè é ní ẹ̀kọ́. Ẹni tó gbé owó àdáṣì sá lọ, ẹni tó ń lu èèyàn, ẹni tó ń fi ikú dẹ́rù bani, ìyẹn kọjá ká mí kanlẹ̀. Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, bó bá sì tó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹgbẹ́ á tẹ̀ lé yín lọ. Ìfàyàbalẹ̀ tí à ń sọ kò ní kí èèyàn má gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó kàn ní kó gbà á pẹ̀lú orí pípé. Ẹni tó ti fi ìbínú fọ́ apẹ̀rẹ̀ oníjà rẹ̀, bó tilẹ̀ jàre tẹ́lẹ̀, òun náà ti di ẹlẹ́jọ́.

ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI ABẸ́ÒKÚTA

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wá látinú ìtàn àwa ọlọ́jà fúnra wa. Ṣáájú 1946, olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alákọ̀wé kan. Àwọn ìyá ọlọ́jà wà lápá kan, àwọn alákọ̀wé wà lápá kan. Ìwé, aṣọ àti èdè ló wà láàárín wọn. Ó rọrùn fún alákọ̀wé láti pe ọlọ́jà ní ẹni tí kò mọ nǹkan, ó sì rọrùn fún ọlọ́jà láti pe alákọ̀wé ní agbéraga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó jókòó gbọ́ wọn. Wọ́n sọ fún un bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, bí owó orí ṣe ń jẹ wọ́n níyà. Àwọn alákọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ìyá náà fúnra rẹ̀ pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, kí ìyàtọ̀ má baà sí láàárín òun àti wọn. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Abẹ́òkúta Women's Union, ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin, tọlọ́jà talákọ̀wé. Ẹ mọ ibi tó já sí: ìwọ́de ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 1947, wọ́n dáwọ́ owó orí àwọn obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Òótọ́ ni pé ó padà sórí oyè ní ìparí 1950, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fojú di àwọn obìnrin yẹn.

Agbára yẹn kò wá látinú pé wọn kò ní ìyàtọ̀. Ó wá nítorí pé nígbà tí ìyàtọ̀ náà hàn, wọ́n jẹ́ kí ó kọ́ wọn ní nǹkan. Ẹni tó mọ̀wé gbà pé nǹkan wà tí òun kò mọ̀.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN

Ohun kan ṣoṣo la ń bẹ̀ yín kí ẹ tó túká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mọ ẹni tí òun ń fojú kọ lọ́jà. Ẹ má dúró de kó wá. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ lọ bá a láàárọ̀ kan kí èrò tó dé, kí ẹ kí i. Bó bá dáhùn, ẹ sọ ohun tó dùn yín, kí ẹ sì bi í ní ohun tó dùn ún. Bí kò bá dáhùn, ẹ̀yin ti ṣe tiyín, ọkàn yín á sì fúyẹ́. Bó bá ṣòro fún yín láti dá lọ, ẹ sọ fún olórí ẹ̀ka ọjà yín, á bá yín jókòó, ẹgbẹ́ kì í gba kọ́bọ̀ lórí ìlàjà.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tó ń gbọ́ràn àti ẹnu tó mọ ìgbà tí a ń dákẹ́. Kó má jẹ́ kí ìbínú jẹ èrè wa. Kó jẹ́ kí aládùúgbò wa rí wa fẹyìn tì, kí àwa náà rí i fẹyìn tì. Ọjà á tà o, ajé á wọ igbá, gbogbo wa á délé bá ire.

Àmín.